Agogo Tí Wọ́n Ṣe Kó Lè Dúró

Ní òru ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ní etíkun Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, agogo ńlá kan dúró sójú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù lójú rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ga tó mítà 98 wà lórí ibùdó ìgbéra 39B, epo kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ó ń tú èéfín funfun, àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti ní aago kan òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni yóò gbéra. Àkókò yẹn dé, ó kọjá, agogo kò mira. Ẹni tó ń wò ó láti ilé á rò pé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Ìbéèrè tí ẹ bi mí gan-an nìyẹn, aládùúgbò mi: bí wọ́n bá ti mọ ọjọ́, tí wọ́n mọ wákàtí, kí ló tún ń dá wọn dúró? Kí sì ni wọ́n ń ka mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ sẹ́yìn fún?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ti ìran wíwò kúrò níbẹ̀. Fritz Lang ló fi kíka iye sẹ́yìn títí dé òdo sínú fíìmù rẹ̀, Frau im Mond, tó jáde ní Jámánì ní 1929, nígbà tí kò tíì sí rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan tó lè fi ayé sílẹ̀. Ó fẹ́ kí àyà òǹwòran máa já ni. Ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ ń kà ní Florida kì í ṣe èyí tó ń já àyà ẹnikẹ́ni. Ìwé iṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Ó ku bí ọjọ́ méjì kí rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gbéra lọ sí òṣùpá, nínú ìrìn-àjò tí wọ́n pè ní Artemis I, ni wọ́n ti pe àwọn òṣìṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ wọn nínú yàrá ìdarí ní Kennedy Space Center. Láti ìgbà náà ni ohun kọ̀ọ̀kan ti ní wákàtí tirẹ̀: ìgbà tí wọn yóò tan iná ọkọ̀ Orion tó wà lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí wọn yóò fi náítírójìn lé afẹ́fẹ́ lásán jáde nínú àwọn ihò rẹ̀ kí iná má baà rí ohun tí yóò jẹ, ìgbà tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kúrò ní ibùdó, ìgbà tí epo yóò bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ fo èkejì. Charlie Blackwell-Thompson, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ìgbéra ní NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ló jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹnu rẹ̀ ni àṣẹ "ẹ máa lọ" ti ń jáde, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ kan nínú yàrá náà ló lè ní kí wọ́n dúró.

Agogo méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní L, wọ́n ń pe èkejì ní T. L ń sọ iye wákàtí tó kù ní ti gidi, bí ẹni ń wo aago ara ògiri. T ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé iṣẹ́; bí iṣẹ́ bá dúró, òun náà á dúró. Àwọn tó kọ ìwé iṣẹ́ náà sì ti fi ìdúró sí i láti ilẹ̀. Fún Artemis I, wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìdúró síbi tí T ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, nígbà tí ìdúró yẹn bá bẹ̀rẹ̀, T á máa sọ pé ó ku ìṣẹ́jú 10, L á sì máa sọ pé ó ku 40. Ìsinmi kọ́ nìyẹn o. Àsìkò yẹn ni ẹ̀ka tó bá rẹ̀yìn ń lé àwọn yòókù bá, tí wọ́n ń yanjú ohun tó bá ṣẹ́ kù, tí ọ̀gá ń bi ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó ti ṣetán. Bí ìṣòro kan kò bá tíì tán, wọ́n lè fa ìdúró náà gùn títí àyè ọjọ́ yẹn yóò fi tán.

Àyè ọjọ́ yẹn náà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Òṣùpá ń rìn, ayé ń yí, ọ̀nà tó já sí òṣùpá kì í sì í ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ọkọ̀ Orion ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná, kò sì gbọdọ̀ wà nínú òkùnkùn ju 90 ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún fẹ́ kó jábọ́ sínú òkun lójú ọ̀sán nígbà tó bá padà, kí àwọn tó ń dúró dè é lè rí i. Ẹ pa gbogbo èyí pọ̀, ẹ ó rí i pé wákàtí méjì péré ló ṣẹ́ kù ní òru ọjọ́ 16 yẹn.

Kí ló wá ń bàjẹ́? Ní ti Artemis I, háídírójìn tó jẹ́ epo rẹ̀ ló kó wọn sí wàhálà jù. Ẹni tó bá ti fi ìfófòó ọṣẹ yí ẹnu fáàfù sílíńdà gáàsì ká rí, tó ń wo ibi tí yóò ti hó, mọ irú ìdààmú tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n gáàsì ìdáná wúwo, wọ́n sì fi òórùn sí i kí imú lè tètè mọ̀ pé ó ń jò. Háídírójìn fúyẹ́ ju gbogbo gáàsì yòókù lọ, ó ń gba ojú tí gáàsì mìíràn kò lè gbà. Kò ní òórùn, iná rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé fojú rí lọ́sàn-án. Bó bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó yí i ká, iná kékeré ti tó láti mú un gbiná.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ń mu háídírójìn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì líta, pẹ̀lú ọ́síjìn tó lé ní 740,000 líta. Kí irú èyí tó lè wọ inú táǹkì, wọ́n gbọ́dọ̀ mú wọn tutù títí wọn yóò fi di omi: ọ́síjìn dé ìwọ̀n 183 sísàlẹ̀ òdo, háídírójìn dé ìwọ̀n 253 sísàlẹ̀ òdo ní Celsius. Ní irú òtútù bẹ́ẹ̀, irin ń sún kì, rọ́bà ń gan. Ìsopọ̀ páìpù tó dì pinpin nígbà tó gbẹ tó sì móoru lè yanu díẹ̀ nígbà tó bá tutù tán. Ibi tó ṣòro nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fiyè sí i dáadáa: ọ̀pọ̀ ìgbà ni jíjò kò ní fara hàn rárá títí epo tútù yóò fi dé ibẹ̀. A kò lè yẹ̀ ẹ́ wò lánàá ká sọ pé ó ti tán. Ọjọ́ ìgbéra gan-an ni àìsàn rẹ̀ ń jáde, nígbà tí agogo ti ń lọ. Yàtọ̀ sí èyí, omi tútù náà kì í yé hó nínú táǹkì, ó ń di gáàsì, ó ń jáde lọ. Èéfín funfun tí ẹ ń rí lára rọ́kẹ́ẹ̀tì níyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa bù sí i díẹ̀díẹ̀ títí di ìṣẹ́jú mélòó kan tó kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé e lọ. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú wọn tutù kí epo tútù má baà ya wọ inú irin gbígbóná lójijì. Mẹ́ta tutù. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì kẹta ní ẹ́ńjìnnì náà kò tíì tutù tó. Wọ́n dá T dúró níbi ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n wádìí ohun tí wọ́n lè wádìí, àyè sì ń tán lọ. Wọ́n fagi lé e. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ẹ́ńjìnnì náà kò ní àìsàn kankan, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ló ń tàn wọ́n jẹ. Àwọn kan bínú nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, wọ́n ní ìgbéra odindi rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ̀ nítorí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń parọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé irọ́ ni. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún un, dídúró ló kàn án. Nígbà tó fi máa di ìgbà kejì, wọ́n ti rí àwọn ẹ̀rí mìíràn tí wọ́n lè fi mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe tutù tó láìgbọ́kàn lé ẹ̀rọ yẹn.

Ìgbà kejì náà ni ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó ń jò ń jò gidi. Páìpù tó ń gbé háídírójìn wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́jọ. Ibi tó ti so mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dì mú kí ohunkóhun má baà jò, ó sì tún gbọ́dọ̀ já fúnra rẹ̀ wẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbéra. Iṣẹ́ méjì tó ń ta ko ara wọn ni wọ́n gbé lé síìlì kan lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ṣèèṣì pàṣẹ fún fáàfù kan tí kò yẹ kó ṣiṣẹ́ nígbà náà, háídírójìn sì fún páìpù mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí epo wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ àyíká ìsopọ̀ náà fi hàn pé háídírójìn ibẹ̀ ti di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ààlà ìdá mẹ́rin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Wọn kò fagi lé e lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dá epo dúró, wọ́n jẹ́ kí ìsopọ̀ náà móoru díẹ̀, wọ́n wá tún da háídírójìn tútù lù ú, bóyá síìlì á jókòó dáadáa sáyè rẹ̀. Ó jò. Wọ́n fi hílíọ̀mù tì í láti inú. Ó jò. Wọ́n tún jẹ́ kó móoru, wọ́n tún mú un tutù. Ó jò. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 17 àárọ̀, Blackwell-Thompson fagi lé e. Àyè ọjọ́ náà kò tíì ṣí rárá o. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 17 ọ̀sán ló yẹ kó ṣí, wákàtí mẹ́ta ṣì wà níwájú. Àwọn èrò ti kún etíkun Florida, wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti gbé ọmọ lérí èjìká. Bí obìnrin yìí bá fẹ́ tẹ́ wọn lọ́rùn, ó ní wákàtí mẹ́ta tó lè fi máa retí. Mo ka dídúró tó dúró yẹn sí iṣẹ́ tó dáa jù tí wọ́n ṣe lọ́dún náà.

Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn ẹlẹ́rọ ilé-iṣẹ́ Morton Thiokol, Roger Boisjoly wà lára wọn, ti sọ pé òtútù tó ń bọ̀ kò ní jẹ́ kí òrùka rọ́bà tó wà ní oríkèé àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Challenger dí ojú ibi tó yẹ kó dí. Àwọn ọ̀gá wọn kọ́kọ́ gbà fún wọn, lẹ́yìn náà wọ́n yí ohùn padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, yìnyín bo ibùdó náà, wọ́n sì fi ìgbéra falẹ̀ kí àwọn tó ń yẹ yìnyín wò lè lọ wò ó. Ìyẹn ni pé agogo dúró lọ́jọ́ náà nítorí yìnyín, kò dúró nítorí rọ́bà. Ọkọ̀ Challenger gbéra, ó sì fọ́ lójú ọ̀run ní ìṣẹ́jú àáyá 73. Ènìyàn méje ló kú, olùkọ́ iléèwé kan, Christa McAuliffe, wà lára wọn. Agogo tó dáa, ìlànà tó dáa, ìdúró tí wọ́n ti kọ sínú ìwé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohùn àwọn tó mọ ọ̀ràn náà ni kò dé ibi tí agogo wà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ òfin ìgbéra sílẹ̀ nígbà tí ara tutù, tí kò sí èrò létíkun, tí agogo kò tíì máa lọ. Tí mànàmáná bá kọ láàárín máìlì ojú omi mẹ́wàá sí ibùdó, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó le mọ́ ọ̀rọ̀ mànàmáná tó bẹ́ẹ̀: Apollo 12 gbéra nínú òjò ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, mànàmáná sì lù ú lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀run. Orí ló kó àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ yọ, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rọ kan ní yàrá ìdarí Houston, John Aaron, tó rántí síwíìṣì tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Artemis. Wọ́n tú ìsopọ̀ tó ń jò náà, wọ́n rí ojú àpá kan lára síìlì tí kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ínǹṣì lọ, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n rọ epo sí i láti dán an wò, pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn kò jẹ́ kí epo ya wọlé bí àgbàrá mọ́. Ó tún jò díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ìjì líle Ian lé wọn padà sínú ilé ní ìparí oṣù náà. Ìjì Nicole bá wọn lórí ibùdó ìgbéra ní oṣù Kọkànlá. Wọ́n yẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì wò lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ó lè lọ.

Báyìí la ṣe dé òru ọjọ́ tí agogo dúró. Epo ti wọlé dáadáa láti ọ̀sán títí di alẹ́, ìsopọ̀ ńlá náà kò jò. Ibòmíràn ló wá jò: fáàfù kan nínú ilé irin tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró lé, èyí tí wọ́n fi ń bu háídírójìn sí èyí tó ń hó lọ. Wọ́n ṣí i, wọ́n tì í láti yàrá ìdarí, kò gbọ́. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló ti dẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn tí yóò fún nọ́ọ̀tì.

Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ti kọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta lára wọn, Trent Annis, Billy Cairns àti Chad Garrett, wakọ̀ lọ sí ibùdó tí gbogbo ènìyàn ti sá kúrò, wọ́n wọ abẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún epo. Annis sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ló dà bíi pé nǹkan náà wà láàyè, ó ń dún kẹ̀kẹ̀, ó ń mí. Wọ́n fún nọ́ọ̀tì. Wọ́n jáde. Jíjò náà dáwọ́ dúró. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí ibi yìí, nítorí pé nínú gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta pẹ̀lú irin iṣẹ́ ni ọ̀nà òṣùpá gbà kọjá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A kò sì rán wọn lọ bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́: wọ́n ti wọn ewu rẹ̀, ẹni tó ń mójú tó ààbò wà lára wọn, wọ́n sì mọ fáàfù tí wọ́n ń lọ bá.

Ìyẹn tán, òmíràn yọ. Rédà tí àwọn ológun fi ń ṣọ́ ojú ọ̀nà rọ́kẹ́ẹ̀tì kò ríran mọ́, nítorí pé síwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ti kú. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá yà kúrò lọ́nà tó ń kọjú sí ìlú, wọ́n gbọ́dọ̀ lè pa á run lójú ọ̀run, wọn kò sì lè pa ohun tí wọn kò rí. Wọ́n pààrọ̀ síwíìṣì náà, wọ́n dán an wò. Ìdí tí aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin fi kọjá lọ láìsí ìgbéra nìyẹn: àkókò tí wọ́n fi yanjú fáàfù àti rédà ni ìdúró yẹn ń san.

Lẹ́yìn èyí, Blackwell-Thompson bi ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan léèrè, olúkúlùkù ní "Go", agogo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ibẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà ilẹ̀ ló ń darí iṣẹ́. Ojú rẹ̀ wà lára gbogbo ohun tí wọ́n ń wọ̀n, bí ọ̀kan bá kọjá ààlà, á dúró fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, Orion bọ́ sórí bátìrì ara rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 33, kọ̀ǹpútà ilẹ̀ yọ̀ǹda fún kọ̀ǹpútà inú rọ́kẹ́ẹ̀tì pé kó gba iṣẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, àwọn ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí tàn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

Àní níbẹ̀ yẹn náà, ó ṣì lè dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1984, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Discovery ti ń tàn nígbà tí kọ̀ǹpútà rí i pé ọ̀kan kò ṣe bó ṣe yẹ, ó pa gbogbo rẹ̀ nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Àwọn mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàyè, wọ́n sì rin ìrìn-àjò wọn ní oṣù Kẹjọ. Ìdí tí wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo olómi ṣáájú nìyẹn, nítorí wọ́n ṣeé pa. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó so mọ́ ọn kò ṣeé pa. Epo líle ló wà nínú wọn, bí iná bá ti ràn án, á jó tán ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi wọ́n sí òdo, lẹ́yìn tí gbogbo ohun tó lè dúró ti ní àǹfààní láti dúró.

Òdo dé ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú 47 àti ìṣẹ́jú àáyá 44. Artemis I gbéra, àwọn ará Houston gba ìdarí rẹ̀, Orion yí òṣùpá ká, ó sì padà sọ̀ sínú òkun Pàsífíìkì ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá. Ní ti àwọn ará ibùdó 39B, nígbà tí wọ́n padà lọ wo ilé irin tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi sílẹ̀, wọ́n rí i pé agbára ìgbéra náà ti já ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà lára rẹ̀ kúrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ àkọsílẹ̀ ohun tí wọn yóò tún ṣe kí wọ́n tó lè ka òmíràn.